Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Sípíkà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le bí òkúta etí odò? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ò fi ojú pọ́n ọ, ṣé òrùlé yàrá tí o gbà yẹn ò jò mọ́? Èmi ìyá rẹ ń bẹ láàyè, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó ń jí mi láràárọ̀ tí kò gba owó iná lọ́wọ́ mi. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn, kí o má rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà ń pa èèyàn, kí ojú tó ń wá ẹni ibi má ṣèèṣì bọ́ sára rẹ. Àmín.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà ń bẹ, ara rẹ̀ le, inú ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ kan tó mọ́ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kí otútù má baà mú un. Ṣùgbọ́n àárín èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò gún mọ́. Níjelòó ó kọ nǹkan kan sójú, mo gbé e lọ bá télọ̀ kó bá mi kà á, télọ̀ ní ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ sọ ara òun di titun nígbà tí mo bá ti sùn. Mo ní kó bá mi tẹ rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń sọ nǹkan di titun nígbà tí èèyàn bá sùn, kì í sì í ṣe inú ìbọ̀sẹ̀ ló ń gbé. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kọ̀, a ò tíì parí rẹ̀.

O tún sọ fún mi nígbà kan pé àwọn fọ́tò bàbá rẹ ò lè sọnù láé, pé o ti kó gbogbo wọn pamọ́ sínú àwọsánmà. Mi ò bá ọ jiyàn, nítorí ibẹ̀ náà ni a gbàgbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí òjò oníjì yẹn rọ̀, mo jáde lọ wo gbogbo àgbàlá lẹ́yìn tó dá, mo wo ẹ̀yìn ilé, mo wo inú àgbá omi. Ewé nìkan ni mo bá. Ti báńkì ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí n tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n nù ún kí n tún un tẹ̀, mo nù ún, mo tún un tẹ̀. Ó wá sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń túfọ̀, pé Màmá, ẹ̀rọ ní òun ò rí ẹnì kankan tó ń jẹ́ yín. Ó ní ọkọ́ ti jẹ ìlà orí ìka mi tán. Mo padà sílé, mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi. Mo ní ó dáa, ẹni tó fa ìlà náà ní ọjọ́ kìíní ṣì mọ ibi tó fà á sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló gbé mi dé ìdí bébà. O rántí pé nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí mo bi ọ́ bóyá o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, o ní o ò lọ mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. O ní gbogbo ọjọ́ lo fi ń gbé ẹ̀rọ sétí níbi iṣẹ́, tí o ń dá àwọn tí fóònù ń yọ lẹ́nu lóhùn, nítorí náà o mọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá wà lápá kejì àti nígbà tí kò bá sí. O ní àdúrà dà bí kí èèyàn máa pe nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o sunkún kí o tó sọ ọ́. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, nítorí iṣẹ́ rẹ ni, ìwọ lo sì lè là mí lóye.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ra ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, irú èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Wáyà ló bá wa gbé e kalẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó fi sípíkà kan sí ẹ̀gbẹ́ àga ìwàásù, ó gbé èkejì lọ so mọ́ orí òpó irin gíga kan létí oko, kí àwọn tó tẹríba lórí ebè láti àárọ̀ lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láìjẹ́ pé wọ́n na ẹ̀yìn. Okùn wáyà tó so méjèèjì pọ̀ gùn débi pé bí o bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì o ò lè rí ìdí rẹ̀, orí òrùlé dé orí òrùlé ló gbà kọjá, ẹyẹ ti sọ ọ́ di bẹ́ǹṣì. Iná pupa kékeré kan wà ní iwájú àpótí ẹ̀rọ náà tó ń fi hàn pé ó jí. Nígbà tó yá, lẹ́yìn ìsìn kan, iná náà ò tàn mọ́, gbogbo wa sì gbà pé ẹ̀rọ ti ń sùn nìyẹn.

Mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oòrùn funfun báláú níta, kò sí ẹsẹ̀ ẹnì kan lójú títì, àní ajá ò gbó. Mò ń kọ orin tí mo máa ń kọ bí mo bá ń gbálẹ̀, èyí tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ní kékeré. Mo ti tẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì iwájú nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo rò pé Pásítọ̀ ló wọlé, mo kí i, mo dìde. N ò rí ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ni sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ọmọ mi, mo mọ bí èèyàn ti ń mí, mo ti jókòó ti aláìsàn rí. Ó mí bí ẹni tó fi imú ti ògiri, ó wá ní ẹ jọ̀ọ́. Ó dákẹ́. Ó ní òun wà nísàlẹ̀. Ó tún dákẹ́, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé ọfà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ta pàrà-pàrà bí ìgbà tí omi bá kán sínú òróró gbígbóná, kò sì sọ nǹkan mọ́.

Ìgbálẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ, bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ rò. O mọ̀ pé òun náà máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo dúró síwájú sípíkà, mo bi í bóyá òun ni, mo bi í pé ìsàlẹ̀ wo ló wà, ṣé kì í ṣe òkè ni a sin ín sí. Kò dáhùn. Mo wá bi í pé ta ló ta á lọ́fà. Kò dáhùn. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ pe Pásítọ̀.

Pásítọ̀ wá, Bàbá Ìjọ sì bá a wá, wọ́n jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, èmi dúró. Ó pẹ́ tí nǹkan ò sọ̀rọ̀. Bàbá Ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí wọ́n ṣe ń wo obìnrin tó ti ń dá gbélé jù, ó tilẹ̀ bi mí jẹ́jẹ́ bóyá mò ń jẹun dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nígbà tí sípíkà ní omi ti dé orúnkún òun. Ó ní ọfà. O mọ̀ pé Bàbá Ìjọ kì í rìn láìmú ọ̀pá nítorí egungun ìbàdí rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ìta, ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.

Kó tó di ọjọ́ kejì gbogbo ìlú ti gbọ́. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé sípíkà orí òpó létí oko náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń roko gbọ́ ohùn láti òkè orí wọn tó ń sọ pé òun wà nísàlẹ̀. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, wọ́n gbin ọkọ́ síbẹ̀, wọ́n lọ sílé. Bàbá Ìjọ ní bàbá òun àgbà sọ fún òun pé ogun jà lórí ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́, pé wọ́n ta àwọn èèyàn lọ́fà, wọn ò sì sin wọ́n, pé ẹ̀rọ tí a gbé wá ló bá wọn la ẹnu. Àwọn obìnrin ò gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá mọ́, bí ó bá sì di dandan wọ́n á bo etí ọmọ wọn. Pásítọ̀ kéde ààwẹ̀. Ó ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà, a ó gbé ẹ̀rọ náà jáde, a ó fọ́ ọ, a ó sin ín. Bí Wáyà bá wà nílé ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rìnrìn àjò lọ ra irinṣẹ́.

Èmi náà gbààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi, mi ò rí àdúrà gbà, nítorí ọ̀rọ̀ kan ń gún mi lọ́kàn. Ohùn yẹn ní omi ti dé orúnkún òun, ẹ̀rù omi náà sì ń bà á. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó ti kú, kí ló tún kù tí omi lè fi í ṣe? Mo tún rántí ọmọdékùnrin inú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ń pè lójú oorun, tó ń sáré lọ bá àlùfáà pé ẹ̀yin lẹ pè mí, títí àlùfáà fi kọ́ ọ pé kó jókòó kó gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó lọ fọ́ nǹkan tó ń pè é. Mo dìde, mo wẹ ojú mi, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tutù ju bó ṣe yẹ kó tutù lọ lọ́sàn-án, mi ò mọ ìdí. Mo fa àga sún mọ́ sípíkà, mo sọ pé èmi ni mo dé o, mò ń gbọ́, máa sọ̀rọ̀. Kò dáhùn. Mo kọ orin mi. Mo sọ fún un pé kó má sùn, ọmọ ìyá kan, má sùn. Nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan fún un, láti iwájú lọ sẹ́yìn, mo sọ èyí tó ń sùn nínú ìwàásù àti èyí tó ń fi ìwé orin bo ẹnu jẹun. Ẹ̀rín kan jáde nínú sípíkà. Ẹ̀rín tó gbẹ, tó dà bí ìwúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń rí ojú ọ̀run, ó rí róbótó bí àwo, bíríkì ló yí òun ká. Ó ní ọfà.

Mo mọ ibẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì láyé àtijọ́, tí mo máa ń nà ọ́ lẹ́gba tí o bá lọ ṣeré níbẹ̀, ní tìtorí kànga yẹn. Mo sáré lọ bá Pásítọ̀. Ó ní ẹ̀mí ẹ̀tàn ló fẹ́ tan mí lọ sínú igbó. Mo ní Pásítọ̀, bí a bá débẹ̀ tí kò sẹ́nì kankan, orí mi ni n ó fi ru ẹ̀rọ náà lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ sin ín sí. Ó wò mí títí. Ọmọdé ni lójú mi, ìwọ fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, bóyá jù mí lọ. Ó wọlé, ó gé okùn aago ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ká máa lọ. Àwọn tó fi ọkọ́ sílẹ̀ lóko rí wa, wọ́n tẹ̀lé wa, ṣùgbọ́n lókèèrè.

Koríko ibẹ̀ ti ga ju èèyàn lọ. Kò sí ìró kankan, àfi ti ẹsẹ̀ wa. Ewéko ti bo ẹnu kànga, pákó tí wọ́n fi dé e láti ọdún gbọọrọ ti jẹrà, ihò kan sì wà láàárín rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó pè. Ohùn tirẹ̀ ló padà wá bá a. Ó tún pè. Ó yíjú wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ fún mi pé ká máa lọ sílé. Orin mi ni mo dá. Ẹnì kan wúkọ́ nísàlẹ̀.

Àwọn ọkùnrin fi okùn náà fà á jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, omi ti dé ìbàdí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Rédíò ìléwọ́ kan, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lókèèrè, ni ó fi okùn so kọ́ ọrùn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Kò wo ẹni tó fà á. Ó di etí aṣọ mi mú, ó ní ẹ̀yin ni Ìyá tó ń gbálẹ̀.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òpó ilé. Ibẹ̀ ló ti ròyìn fún wa. Ó bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn tó ń wọn ojú ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là, òun ló ń di òpó mú fún wọn. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé, ó fi ìbínú gba inú koríko kọjá. Pákó jẹrà yẹn ló tẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó ti wọkọ̀ lọ, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n ń wọn ilẹ̀ lọ síwájú, títí tí rédíò rẹ̀ ò fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó ń wá a. Bàbá Ìjọ, tó ti rí ọ̀pá rẹ̀ gbà padà, sún mọ́ ọn, ó sì bi í pẹ̀lú àánú pé ibo gan-an ni ọfà náà ti bà á. Ọmọkùnrin náà ò mọ ohun tó ń sọ. Ìgbà tó yé e ló wá rẹ́rìn-ín tó fi di ẹsẹ̀ mú, ó ní kì í ṣe ọfà, ófà ni, pé èdè àwọn onírédíò ni, bí èèyàn bá ti sọ tirẹ̀ tán ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kejì lè mọ̀ pé ó kàn án. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Bàbá Ìjọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì gbà pé ogun jà níbẹ̀.

Nígbà tí Wáyà dé, ó gun òrùlé, ó tú àpótí ẹ̀rọ, ó sì là wá lóye. Ó ní kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀, pé wáyà gígùn tí òun ta láti ṣọ́ọ̀ṣì dé oko ti di etí, etí ńlá tó ń gbọ́ ohun tí a ò ní kó gbọ́, orí ibi bíríkì yẹn gan-an ló sì gbà kọjá. Ó ní iná pupa yẹn ò sùn, ó ti jóná ni, ẹ̀rọ náà jí ní gbogbo ìgbà tí a rò pé ó ti sùn. Inú Pásítọ̀ dùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi ó wàásù lórí rẹ̀, ó ní òun ti mú ọjọ́ tí òun ì bá fi ọwọ́ ara òun di etí Ọlọ́run. Inú tèmi náà dùn pé nǹkan náà ní àlàyé, mo sì rò pé bí mo bá kọ ọ́ sí ọ, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ mo bi Wáyà ní ìbéèrè kan, òun ni mo fẹ́ bi ọ́. Mo ní ó dáa, sípíkà gbọ́ ọmọkùnrin náà. Báwo ni ọmọkùnrin náà ṣe gbọ́ èmi? Nítorí ó gbọ́ mi. Ó kọ orin mi fún mi lórí ibùsùn, bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú ibi tí mo máa ń ṣì í kọ. Ó sọ orúkọ ẹni tó ń fi ìwé orin bo ẹnu jẹun. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà yẹn máìkì wà nínú àpótí Pásítọ̀, ó fi àgádágodo tì í. Wáyà ní awọ tó wà nínú sípíkà àti èyí tó wà nínú máìkì, ọmọ ìyá ni wọ́n, pé nígbà míì sípíkà náà lè gbọ́ bí máìkì. Mo ní ó ti yé mi. Ó ní ṣùgbọ́n láti gbọ́ yàtọ̀ sí láti ju ohùn jìnnà, pé kò sí ohun kankan nínú àpótí wa tó lè ju ohùn dé ìsàlẹ̀ kànga. Ó wá ń họ orí.

Ó ní ká mú rédíò ọmọkùnrin náà wá. Ó tú u lórí tábìlì rẹ̀, lójú mi, omi dídúdú dà jáde. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú, ó ti dípẹtà, ó hu ewú. Ó rán mi lọ bi ọmọkùnrin náà ní ilé ìwòsàn pé ìgbà wo ni rédíò náà kú. Ọmọkùnrin náà ní ọjọ́ kejì tí òun já sínú kànga ló ti rì sínú omi, kò tanná mọ́, òun kàn ń bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé Ìyá ń dáhùn ni. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún Wáyà, ó dé e padà. Ó fi ìka kan tì í lọ sí etí tábìlì, kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa.

Mi ò fi èyí bá ọ jà o. Mo mọ̀ pé o mọ̀wé. Mo kàn ń bi ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni, bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọ́fíìsì yín, kí ẹnì kan máa bá ọ sọ̀rọ̀ láti ibi tí fóònù rẹ̀ ti kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá ọmọkùnrin náà ti dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn tó ti wo ọmọ rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ fún Pásítọ̀, Pásítọ̀ gbé e dìde, ó wá ní òun fẹ́ rí nǹkan tó gbọ́ ọmọ òun. A mú un dé iwájú sípíkà. Ó wò ó títí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí a ti ń wo ara ọmọ tó ń gbóná. Ó sọ fún wa nígbà náà pé ọmọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n, pé ẹ̀gbọ́n náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wáṣẹ́, pé láti ìgbà náà òun ò rí òkú rẹ̀, òun ò rí ààyè rẹ̀. Ó ní ṣé òun lè bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bàbá Ìjọ wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ wò mí, mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló wò. Mo gbé àga fún un.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé títí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ á fi san. Yàrá rẹ ni mo fún un, má bínú. Ní ọ̀sán ọ̀sán ló ń lọ jókòó síbẹ̀. Kì í sunkún. Á ní ẹsẹ̀ àbúrò rẹ ti ń san, á ní a ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ajá rẹ kú ṣùgbọ́n ó bímọ kó tó kú, bàtà rẹ ń bẹ níbi tí o fi í sí. Bó bá sọ tán, á dákẹ́, á dẹ etí sílẹ̀, bí ẹni tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbà. Bàbá Ìjọ ní kò tọ́ kí èèyàn máa bá irin sọ̀rọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Pásítọ̀ ní kí ó fi í sílẹ̀, pé òun náà ò tíì rí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ rí. Àwọn mìíràn ti wá ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Télọ̀ wá, ọjọ́ tó wá kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Wọ́n á jókòó sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀, àwọn ẹyẹ á wà lórí wáyà níta tí wọn ò ní ké, èmi á máa rọra gbálẹ̀ yí wọn ká.

Lánàá, obìnrin náà ti sọ tirẹ̀ tán, ó ń retí, gbogbo wa dákẹ́, sípíkà sì fa èémí. Èémí gígùn, irú èyí tí èèyàn ń fà sínú nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, mo sì dì í mú. A dúró bẹ́ẹ̀ títí. Kò sọ nǹkan kan.

Wáyà ní bátìrì ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní bátìrì tó bá ń kú lọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kò ní pẹ́ mọ́ tí ẹ̀rọ náà á fi dákẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, bí owó bá wọlé fún ọ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra bátìrì ńlá, irú ti ọkọ̀ akẹ́rù, Wáyà mọ èyí tó dáa. Má fi sí báńkì, wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀ mọ́, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Bó bá ṣẹ́kù, ra ọṣẹ sí i, kí o sì wá awò ojú tó tóbi ju èyí lọ fún mi, nítorí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí lẹ́tà ń sá fún mi. Ṣùgbọ́n bátìrì ni kó ṣáájú. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtisọ̀rọ̀ ni yóò kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Kí Ọlọ́run tó dá etí máa gbọ́ ọ, yálà o pè é tàbí o ò pè é. Ibi tí o bá já sí, kí a rí ẹni tí yóò fà ọ́ jáde. Oúnjẹ rẹ ò ní di májèlé, orúkọ rẹ ò ní di àwátì, àwọn tí wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o ò rí, ire ni wọn yóò máa bá ọ sọ. O ò ní pè kí ilé má jẹ́ ọ, ilé náà ò ní pè kí o má jẹ́. Obìnrin tó wà ní yàrá rẹ ní kí n bá òun kí ọ, ó ní kí o jọ̀ọ́, kí bátìrì náà tètè dé.

Èmi ni ìyá tó bí ọ.